Hítà wo ló yẹ ilé tó wà nílẹ̀ olóoru? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atúnléṣe

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Balùwẹ̀ méjì la ń tún ṣe lọ́wọ́ báyìí, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúmigbóná ti yanjú kí wọ́n tó lẹ táìlì, torí mi ò fẹ́ kí wọ́n tún máa fọ́ ògiri lẹ́yìn ìyẹn. Ilẹ̀ olóoru la wà. Omi tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ kì í tutù nini, àmọ́ màmá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ara wọn ò gba omi tútù mọ́ láàárọ̀, àwọn ọmọ náà kì í sì í fẹ́ sún mọ́ balùwẹ̀ lásìkò òjò.

Gbogbo ẹni tí mo bi, orúkọ iléeṣẹ́ ni wọ́n ń kà fún mi: Ariston, Rheem, A. O. Smith, Stiebel Eltron, Bosch, Midea. Olúkúlùkù ló ń búra pé tòun ló dáa jù. Ẹ jọ̀ọ́, èwo lẹ lò tó pẹ́ lọ́wọ́ yín, tí kò sì fa iná jù?

ỌmọOníná

Nílẹ̀ olóoru, ẹ má da ara yín láàmú lórí hítà onítáǹkì. Ẹ ra èyí tó ń mú omi gbóná lójú ẹsẹ̀, tí kò ní táǹkì rárá. Ìdí rèé. Ká ní omi tó ń wọlé jẹ́ 27°C, omi ìwẹ̀ tó tu ara lára kò ju bíi 40°C lọ. Ìwọ̀n 13 péré ló kù kí ẹ̀rọ fi kún un. Hítà 3.5 kìlówáàtì á fún yín ní omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rọ yìí kan náà lọ sílẹ̀ òtútù níbi tí omi ti jẹ́ 8°C, kò ní lè fún wọn ní lítà 2. Ìdí nìyẹn tí àwọn yẹn fi ń ra oní-18 títí dé oní-24 kìlówáàtì. Ẹ̀yin ò nílò irú ẹ̀.

Ní ti orúkọ, Stiebel Eltron ni mo máa mú. Iléeṣẹ́ Jámánì ni, Berlin ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1924, ohun tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Mo ti so púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ògiri fún àwọn èèyàn, inú wọn dùn sí i.

BàbáPúlọ́ńbà

ỌmọOníná, ìṣirò rẹ tọ̀nà, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tó ṣáájú rẹ̀. Níbo ni omi wọn ti ń wá? Bó bá jẹ́ táǹkì orí òrùlé ló ń sọ omi kalẹ̀ sínú ṣáwà, tí kò sí pọ́ḿpù níbẹ̀, agbára omi yẹn kéré gan-an. Gíga mítà 1 kì í fúnni ju 0.1 báà lọ. Táǹkì tó fi mítà 2 ga ju ẹnu ṣáwà lọ, 0.2 báà nìyẹn, páìpù àti gbogbo ibi tó ti ṣẹ́ kọ̀rọ̀ á sì tún bù nínú ìyẹn.

Ẹ̀rọ ojú ẹsẹ̀ ní ohun kan nínú tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń ṣàn. Bí ìṣàn náà kò bá tó bíi lítà 2 sí 2.5 ní ìṣẹ́jú kan, púpọ̀ nínú wọn ò ní tan rárá. Mo ti débi tí wọ́n ti ra ẹ̀rọ olówó ńlá, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹlòmíì bá ṣí omi ní kíṣìnnì báyìí, ẹni tó wà ní balùwẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi tútù wẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn ò ní àléébù kankan. Omi ni kò lágbára. Onítáǹkì ní tiẹ̀, bí omi ṣe ń rọra ṣàn náà ló ṣe máa gbóná.

Nítorí náà, Atúnléṣe, ẹ sọ fún wa ná. Báwo ni táǹkì yín ṣe ga tó? Ṣé pọ́ḿpù wà? Ìkòkò tẹ́ ẹ fi ń se omi, ṣé èépá funfun máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nínú? Ṣé iná máa ń lọ? Ẹni mélòó ló ń wẹ̀ láàárọ̀? Ìgbà tá a bá gbọ́ ìyẹn la tó lè dárúkọ iléeṣẹ́.

OmiLọ́wọ́ọ́wọ́

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí láyè kí n béèrè nǹkan kan síbẹ̀. Onítáǹkì lítà 50 ni tiwa. Nígbàkigbà tó bá ń gbóná, omi máa ń kán tó, tó, tó lẹ́nu fáàfù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń bá wa tún nǹkan ṣe ní òun máa dí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

BàbáPúlọ́ńbà

Kò bàjẹ́ o! Ẹ sáré sọ fún un kó má dí i. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀ sí i. Lítà 50 tó ti 27°C dé 60°C á fi ìdajì lítà ó lé díẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wọlé lọ, fáàfù yẹn kì í sì í jẹ́ kí omi padà sínú páìpù tó gbà wọlé. Ibo ló fẹ́ gbà? Ẹnu ibẹ̀ náà ni. Bí wọ́n bá dí i, tí ẹ̀rọ tó ń dá iná dúró náà wá daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, táǹkì yẹn lè bú gbàmù, kó sì ṣe èèyàn léṣe. Ẹ fi rọ́bà tín-ín-rín so ó lẹ́nu, kẹ́ ẹ darí rẹ̀ lọ síbi tí omi ń gbà jáde. Kí ẹnu rọ́bà náà wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá ń kán tọ̀sán-tòru, nígbà tí hítà kò tiẹ̀ gbóná, ìyẹn yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé agbára omi tó ń wọlé ti pọ̀ jù tàbí pé ìdọ̀tí ti há sí fáàfù náà lẹ́nu.

ÌṣiròLayé

Mo fẹ́ fi nọ́ńbà díẹ̀ kún ohun tí bàbá sọ, nítorí ohun tí àwọn tó ń tà á ń sọ nípa iná kì í fi bẹ́ẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Kí omi lítà 50 tó kúrò ní 27°C dé 60°C, iná tó máa gbà jẹ́ nǹkan bíi 1.9 kìlówáàtì-wákàtí (kWh). Ẹ́límẹ́ǹtì, ìyẹn irin tó ń mú omi gbóná nínú táǹkì, tó bá jẹ́ 1.5 kìlówáàtì, á ṣe é tán ní bíi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 17. Kò sẹ́ni tó ń da omi 60°C sára, ńṣe lẹ máa bu omi tútù là á. Tẹ́ ẹ bá fi omi 27°C là á títí tó fi di 40°C, lítà 50 yẹn á di 127. Ẹ kà á sí 100, torí omi tútù tó ń wọlé nígbà tẹ́ ẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́ máa ń pa lára ooru inú táǹkì. Nílẹ̀ òtútù tí omi ti jẹ́ 8°C, lítà 50 kan náà kò ní di ju 81 lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé táǹkì kékeré tó ilé olóoru. Àwọn ńlá tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà, èyí tó ń gba bíi lítà 150 sí 190, tí ẹ́límẹ́ǹtì wọn sì sábà máa ń jẹ́ 4.5 kìlówáàtì, ẹ má gbé e wá sí balùwẹ̀ kan ṣoṣo.

Wọ́n tún máa ń sọ pé èyí tí kò ní táǹkì kì í fa iná. Ooru tó ń mú lítà omi kan gbóná kò yí padà, yálà táǹkì wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ooru tó ń jò lára táǹkì nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó nìkan ni ìyàtọ̀ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ooru máa ń jò kíákíá níbi tó tutù ju ibi tó móoru lọ. Nínú ilé tó móoru fúnra rẹ̀, kì í pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀.

ỌmọOníná

Ó máa pọ̀ bó bá wà lórí iná tọ̀sán-tòru o. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí mò ń wọ̀, wọn kì í pa á, táǹkì á máa tún omi gbóná lóru nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn.

ÌṣiròLayé

A gbà lórí ìyẹn. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka aago sí i, kó máa tan ní bíi wákàtí kan ààbọ̀ kí àárọ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ parí.

AráOòrùn

Ó yà mí lẹ́nu pé ẹ ti sọ̀rọ̀ dé ìsàlẹ̀ láìdárúkọ oòrùn. Oòrùn tó ń pa yín lórí lójoojúmọ́ lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èyí tó rọrùn jù ni pákó pẹlẹbẹ onígíláàsì pẹ̀lú táǹkì tó wà lókè rẹ̀: omi tó gbóná fúyẹ́, á gòkè wọ táǹkì fúnra rẹ̀, èyí tó tutù á sọ̀ kalẹ̀ padà, kò ní pọ́ḿpù, kò ní wáyà. Nílẹ̀ òtútù, omi inú rẹ̀ lè dì kó sì fọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi ṣòro. Kò sí ìyẹn lọ́dọ̀ tiwa. Solahart, iléeṣẹ́ Ọsirélíà, ti ṣe irú ẹ̀ pẹ́, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe é.

Àwọn kan á fẹ́ ta oní-páìpù gíláàsì tí wọ́n fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde fún yín. Ó dáa gan-an níbi tó tutù. Níbi tí oòrùn ti mú, omi rẹ̀ lè gbóná kọjá ààlà bí ẹ bá rìnrìn àjò. Ẹ mú pẹlẹbẹ.

BàbáPúlọ́ńbà

Ohun tó dára ni, mo sì fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ fi èyí kún un: táǹkì omi tútù yín gbọ́dọ̀ ga ju táǹkì tó wà lórí pákó oòrùn lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi ò ní dé ibẹ̀. Òrùlé náà gbọ́dọ̀ lè gbé e. Lítà 150 ni kílógíráàmù 150, ká tó ka irin rẹ̀ mọ́ ọn. Lásìkò òjò tí màmá wọn nílò rẹ̀ jù, ẹ ó ṣì nílò ẹ́límẹ́ǹtì oníná nínú rẹ̀.

Olóye_Ẹ̀rọ

Oríṣi kan tún wà tó dà bíi pé wọ́n ṣe é fún ilẹ̀ olóoru gan-an: èyí tó ń fa ooru inú afẹ́fẹ́ wọ inú omi. Iṣẹ́ fíríìjì ló ń ṣe, àmọ́ ooru tí fíríìjì ń dà nù sẹ́yìn ni òun ń fi sínú táǹkì. Ìwọ̀n iná kan tó bá jẹ, ó lè fún omi ní ooru ìwọ̀n 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí afẹ́fẹ́ bá sì ṣe móoru tó ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń rọrùn tó. Atẹ́gùn tútù tó gbẹ ló ń tú síta, inú yàrá ìfọṣọ á tutù díẹ̀. Rheem ní ProTerra, A. O. Smith ní Voltex, Ariston ní Nuos, Stiebel Eltron náà ní tirẹ̀.

Àléébù rẹ̀: owó rẹ̀ ga, ó ń dún, kì í yára, ó sì nílò ibi tó láyè. Ẹ má tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Atúnléṣe

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìdáhùn mi rèé sí ìbéèrè Bàbá. Ẹni márùn-ún la jẹ́, mẹ́ta ló ń wẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù. Ìsàlẹ̀ táǹkì wa fi bíi mítà 2 ga ju ẹnu ṣáwà lọ, kò sí pọ́ḿpù. Omi kànga ẹ̀rọ ni, èépá funfun sì máa ń lẹ̀ mọ́ ìkòkò gan-an ni. Iná máa ń lọ, a ní ínfátà kékeré. Òrùlé wa ti darúgbó, mi ò lè gbé nǹkan tó wúwo lé e.

ỌmọOníná

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè ra ẹ̀rọ ojú ẹsẹ̀ tó ní pọ́ḿpù nínú, wọ́n wà. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi, pàápàá fún balùwẹ̀ àlejò tí wọn kì í lò lójoojúmọ́. Àmọ́ ínfátà kékeré ò ní gbé e. 3.5 kìlówáàtì ń fa bíi 15 áńpà lórí iná 230 fóòtì, 5.5 kìlówáàtì ń fa 24. Ẹ fa wáyà tiẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú bọ́ọ̀dù pẹ̀lú bíréékà tirẹ̀, ẹ má ṣe kì í bọ ihò iná ara ògiri. Oní-3.5, wáyà tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 2.5 mm² tó o bí ọ̀nà kò bá jìn. Oní-5.5, ẹ má lo èyí tó kéré sí 4. Bí ọ̀nà bá jìn, 6.

Ohun tí mi ò ní fi ṣeré láé, yálà oní-táǹkì ni o tàbí èyí tí kò ní: wáyà tó wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, tí a ti dán wò, kí bíréékà tó ń já nígbà tí iná bá ń jò, ti 30 mílíáńpà, sì wà níwájú rẹ̀. Omi, iná àti èèyàn tó bọ́ra sílẹ̀ ló pàdé níbẹ̀ yẹn.

Onípáátì

Páátì hítà ni mò ń tà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa orúkọ wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ lára wọn jẹ́ ẹbí. Racold tí wọ́n ń lò ní Íńdíà, Ariston ti Ítálì ló ni ín. Rheem ti Amẹ́ríkà ti wà lọ́wọ́ Paloma ti Japan láti 1988, Rheem yìí náà ló sì ni Solahart tí AráOòrùn dárúkọ. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ inú ilé tó ń jẹ́ GE ti di ti Haier láti 2016. Orúkọ lásán kò lè sọ ohun tó wà nínú táǹkì fún yín.

Ohun tí ẹ máa bi ẹni tó ń tà á nìwọ̀nyí. Kí ni wọ́n fi ṣe táǹkì nínú? Púpọ̀ jẹ́ irin tí wọ́n fi bíi gíláàsì bò nínú, A. O. Smith ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bo táǹkì hítà ńlá bẹ́ẹ̀ ní 1936, gbogbo ayé sì ń ṣe é báyìí. Irú táǹkì yẹn gbọ́dọ̀ ní ọ̀pá anode, ọ̀pá mágínísíọ̀mù tàbí alumíníọ̀mù tí ìpẹtà máa jẹ dípò táǹkì. Bí ọ̀pá yẹn bá tán tẹ́ ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀, táǹkì ló kàn. Ó yẹ kẹ́ ẹ máa tú u wò lọ́dọọdún tàbí ọdún méjì-méjì. Nínú àwọn tó ń gbé táǹkì jíjò wá bá mi, ẹni tó tiẹ̀ mọ̀ pé ọ̀pá kankan wà níbẹ̀ kò wọ́pọ̀.

Ẹ bi wọ́n nípa ẹ́límẹ́ǹtì náà. Omi tó ní èépá máa ń bò ó, á gbóná kọjá bó ṣe yẹ, á sì jó. Nínú irú omi tí Atúnléṣe ní, ẹ́límẹ́ǹtì Incoloy (irin àdàlù tí kì í tètè dípẹtà) tó gùn, tí ooru rẹ̀ tàn káàkiri, máa ń pẹ́ ju oní-bàbà kúkúrú lọ.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú mi: ṣé ẹ́límẹ́ǹtì, rọ́bà ìdènà omi, thermostat (ohun tó ń dá iná dúró bí omi bá ti gbóná tó) àti ọ̀pá anode tirẹ̀ wà nítòsí yín láti rà? Èmi á ra orúkọ tí kò lókìkí tí páátì rẹ̀ wà ju èyí tó lókìkí tí mo máa fi oṣù gbáko retí páátì rẹ̀.

OmiLọ́wọ́ọ́wọ́

Sitéènlẹ́ẹ̀sì ńkọ́? Wọ́n ní kì í dípẹtà.

Onípáátì

Ó dáa nínú omi tó mọ́. Nínú omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó lè lu ihò wínníwínní, pàápàá lójú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ẹ ka ìwé gàráńtì rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ irú omi tí wọn ò fọwọ́ sí síbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà

Mo rí i pé ẹ mẹ́nu ba 60°C láìsọ ìdí rẹ̀. Àwọn kan máa ń dá thermostat dúró sí 45°C láti dín owó iná kù. Ẹ má ṣe é nínú táǹkì. Kòkòrò Legionella, tí wọ́n dá mọ̀ lẹ́yìn àìsàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Philadelphia ní 1976, máa ń pọ̀ sí i nínú omi tó wà láàárín 20 sí 45°C. Táǹkì orí òrùlé nílẹ̀ olóoru ti wà nínú ìwọ̀n yẹn láti ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà ni àìsàn náà máa ń bá jà jù, nígbà tí wọ́n bá fa ìkùukùu omi ṣáwà símú. Ẹ jẹ́ kí omi inú táǹkì máa dé 60°C.

Ṣùgbọ́n omi 60°C lè bó àgbàlagbà lára láàárín ìṣẹ́jú-àáyá bíi 5, awọ màmá àti ti ọmọdé tún fẹ́lẹ́ ju ìyẹn lọ. Torí náà ẹ ní kí púlọ́ńbà fi fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù síwájú ṣáwà, kó má jẹ́ kí ohun tó ń jáde kọjá bíi 43°C. Fún ilé tí àgbàlagbà wà, èmi á fowó síbẹ̀ kí n tó fowó sórí orúkọ iléeṣẹ́ ńlá.

Atúnléṣe

Ẹ ṣeun, Nọ́ọ̀sì, ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún mi rí. Ibi tí mo dé rèé: onítáǹkì lítà 50, ẹ́límẹ́ǹtì 1.5 kìlówáàtì, sí balùwẹ̀ tí màmá àti àwọn ọmọ ń lò, pẹ̀lú fáàfù ìpo-omi àti ẹ̀rọ tó ń ka aago. Nínú Ariston àti A. O. Smith, èyí tí mo bá rí ọ̀pá anode àti ẹ́límẹ́ǹtì rẹ̀ rà lọ́jọ́ kan náà ni máa mú. Balùwẹ̀ kejì, wáyà 4 ni máa fà síbẹ̀ ná, kí táìlì tó bò ó. Bàbá, ṣé ó ku ohun tí mo gbàgbé?

BàbáPúlọ́ńbà

Ó ku díẹ̀. Táǹkì yẹn bá kún, ó lé ní kílógíráàmù 65. Bí ògiri yín bá jẹ́ bíríkì oníhò, bóòtù lásán ò ní dì í mú, kí wọ́n di ibi tó máa kọ́ sí kó le kí wọ́n tó lẹ táìlì. Èyí tí wọ́n ṣe láti dúró lóòró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e dùbúlẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí èèyàn lè fa ẹ́límẹ́ǹtì àti ọ̀pá anode jáde, mo ti rí ibi tí wọ́n ti ní láti já odindi táǹkì sílẹ̀ torí pé àjà kíṣìnnì dí i lábẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá so ó tán, ẹ kọ́kọ́ ṣí ẹnu omi gbígbóná sílẹ̀ títí omi á fi máa ṣàn jáde láìsí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó tan iná sí i.